Ọwọ́ Òsì Ni Mo Fi Fún Un

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò l'Ábújá bi mí pé kí ló dé tí mo fẹ́ ṣe iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè nílẹ̀ òkèèrè, èsì tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ni mo fún wọn. Mo ní ìfẹ́ ilẹ̀ baba mi ni. Wọ́n mi orí, wọ́n sì kọ nǹkan sílẹ̀. Irọ́ ni. Ọkùnrin kan ló gbé mi débẹ̀. Ìbínú mi sí i ni mo fi kàwé yege, òun ni mo fi ṣe ìdánwò ìwọṣẹ́, òun náà ló ń jí mi láàárọ̀ nígbà tí òtútù bá ní kí n máa sùn lọ. Wọ́n ní ìbínú kò da nǹkan fún ni, sùúrù ni baba ìwà. Bóyá ìbínú tiwọn ni. Tèmi àti sùúrù jọ gbé yàrá kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn kò sì jà rí.

Ẹ ó rí i pé "ó" ni mo ń pe ọkùnrin náà. Ó tó bí mi lọ́mọ, mo sì mọ ohun tí wọ́n kọ́ mi nílé. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ "ó" bẹ́ẹ̀.

Ilé wa wà ní Mọ̀ọ̀rè, ní Ilé-Ifẹ̀. Tíṣà jọ́gíráfì ni bàbá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní àwòrán ayé roboto kan tó ń yí lórí irin. Ọmọ ilé ìwé kan ti fọ́ apá kan rẹ̀, òkun ńlá kan sì ti di ihò. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á yí i, wọ́n á ní kí n fi ìka dá a dúró, kí n dárúkọ orílẹ̀-èdè tí ìka mi bà lé àti olú ìlú rẹ̀. Bí mo bá gbà á, wọ́n á ní, "Ambásádọ̀, ẹ jókòó." Orúkọ tí wọ́n fi ń pè mí nìyẹn títí wọ́n fi kú. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi ọwọ́ òsì tọ́ka sí Nàìjíríà, wọ́n á gbá ọwọ́ náà kúrò. Wọ́n á ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Mo kéré nígbà náà, mo rò pé òwe náà kò ju ọ̀rọ̀ ọwọ́ lọ.

Nígbà tí mo ṣe tán ní yunifásítì ìlú wa, tí mo sì rí ààyè láti lọ kàwé sí i nípa ìbáṣepọ̀ orílẹ̀-èdè ní Yúróòpù, kò sí ẹni tó yọ̀ tó bàbá mi. Màmá mi ń bi mí bóyá mo ti ra aṣọ òtútù. Bàbá mi ń bi mí ní olú ìlú.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ kì í ṣe òtútù. Àìkíni ni. Mo wọ báàsì ní àárọ̀ àkọ́kọ́, mo kí gbogbo wọn káàárọ̀, kò sẹ́ni tó dáhùn, àfi obìnrin kan tó fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, mo pàdé ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkàwé. Irun orí rẹ̀ ti funfun, ọ̀pá ló fi ń rìn. Orúnkún mi kò bi mí léèrè kó tó kanlẹ̀. Bàbá òyìnbó náà rò pé mo dákú ni. Ó ju ọ̀pá rẹ̀ nù, ó ń pariwo kí wọ́n bá òun wá omi. Títí mo fi kúrò níbẹ̀, nígbàkígbà tó bá rí mi, á bi mí bóyá ara mi ti yá. Mo ròyìn rẹ̀ fún bàbá mi lórí fóònù, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Wọ́n ní kí n má jáwọ́ o, pé ẹni tó bá gbàgbé bí a ṣe ń kúnlẹ̀ kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó dìde.

Iṣẹ́ tí mo rí ṣe wà nísàlẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan, nínú yàrá ìfọṣọ tí kò ní fèrèsé. Lókè lọ́hùn-ún ni àwọn aṣojú ìjọba oríṣiríṣi ti máa ń ṣèpàdé. Èmi àti Afí, obìnrin ọmọ Tógò kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà, la máa ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ tábìlì wọn. A máa ń lọ àwọn àsíá kéékèèké tí wọ́n ń tò síwájú wọn náà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ tiwa, mo rọra ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń fi omi gbígbóná tẹ orí ọmọ tuntun. Afí bi mí bóyá ọkọ mi ló ni ín.

Faransé ni Afí fi ń bá mi sọ̀rọ̀, títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi í lálàá. Ìṣẹ́gun mi àkọ́kọ́ ni ìjà èmi àti onílé mi. Ẹ̀rọ tó ń mú yàrá mi gbóná ti kú láti ìgbà tí mo ti dé, onílé sì ń fi òní dónìí, fọ̀la dọ́la. Mo pè é lórí fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tó ní àwa tá a ti ilẹ̀ gbígbóná wá la máa ń ráhùn jù, mo kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí Afí kọ́ mi jọ, rere àti burúkú, mo dà á lé e lórí. Kó tó di ọ̀sán, ẹni tó máa tún un ṣe ti kan ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà pé bí inú bá bí ènìyàn dáadáa, kò sí èdè tí ẹnu rẹ̀ kò lè gbé.

Ṣùgbọ́n èdè kì í ṣe ilé. Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á pè mí láti Ifẹ̀. Màmá mi á bi mí ní ohun tí mo jẹ, bí mo bá sì ti sọ ọ́ tán, wọ́n á ní n kò jẹun. Bàbá mi á bi mí bí ìpàdé orílẹ̀-èdè ṣe lọ, bí ẹni pé èmi ni mo jókòó síbẹ̀, pé kì í ṣe aṣọ tábìlì ni mo ń lọ. Kúnlé, àbúrò mi kan ṣoṣo, á gbé fóònù jáde kí n lè gbọ́ ariwo ọ̀kadà àti ohùn àwọn aládùúgbò tó ń kí ara wọn. Èmi á dijú. Fún ìwọ̀nba àkókò yẹn, ará ibìkan ni mí. Bí fóònù bá ti pa, ó tán. Àwọn tí mo wà láàárín wọn kò mọ̀ mí, àwọn tó mọ̀ mí sì ti ń sọ mí di àlejò, nítorí Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó iṣu sí yàrá mi.

Àárọ̀ ọjọ́ kan tí kì í ṣe ọjọ́ Ìsinmi ni Kúnlé pè. Mo ti mọ̀ kí n tó gbé e. Bàbá wa ti lọ.

Èmi ni àkọ́bí. Nínú ẹbí wa, bí àlùfáà bá ti ka "erùpẹ̀ fún erùpẹ̀" tán, àkọ́bí ló ń kọ́kọ́ bu yẹ̀pẹ̀ dà sórí pósí bàbá rẹ̀, kí àwọn tó kù tó tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó ń ṣíwájú rẹ̀. Àwọn ẹbí gbé òkú sí mọ́ṣúárì, wọ́n ní àwọn á dúró dè mí. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni ìwé ìrìnnà mi tó ti kú, tí mo ní láti sọ di ọ̀tun. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí olú ìlú, sí ilé iṣẹ́ tí ìjọba wa ní níbẹ̀.

Nígbà tó kàn mí tí mo dé ibi fèrèsé, ohùn tí mo gbọ́ lẹ́yìn gíláàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi sunkún. Ọkùnrin kan ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, èdè Ifẹ̀ ilé wa ponbele ló ń sọ. Ó ń sọ fún kápẹ́ńtà kan pé páànù pupa ni òun fẹ́ sórí ilé òun, kì í ṣe búlúù. Mo ní Ọlọ́run kò gbàgbé mi, ọmọ ilé wa ni wọ́n fi síbí. Mo dúró títí ó fi sọ̀rọ̀ tán. Mo wá kúnlẹ̀ sórí táìlì tútù yẹn, níwájú gbogbo èrò, mo fi èdè Ifẹ̀ kí i.

Gẹ̀ẹ́sì ló fi dá mi lóhùn. Ó ní kí n dìde, pé ibẹ̀ kì í ṣe ààfin Ẹnuwá, pé mo ń dí àwọn ènìyàn lójú. Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Mo dìde, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ bàbá mi, mo ti ìwé ìrìnnà náà bọ abẹ́ gíláàsì. Kò ṣí i. Ó gbé e lé orí àwọn ìwé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà náà ló wá sún mọ́ ihò gíláàsì, tó sọ Yorùbá kan ṣoṣo tó sọ sí mi.

"Padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì."

Mo ní wọ́n á ti sin bàbá mi nígbà náà. Ó fa kọ́tìnnì. Àkókò oúnjẹ ọ̀sán ti tó.

Nígbà tí mo padà dé ibẹ̀, wọ́n ní ó ti lọ ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Ìwé ìrìnnà mi ṣì wà níbi tó gbé e lé, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò kàn án. Ọmọbìnrin kan tó jókòó sí ipò rẹ̀ mú un, ó ṣe gbogbo rẹ̀ parí, kí n tó mu tíì tí mo rà lẹ́nu ọ̀nà tán. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ká ní iṣẹ́ náà le ni, bóyá ǹ bá ti gbà fún Ọlọ́run.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti sin bàbá mi láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn. Àwọn ẹbí ti dúró títí, wọ́n ní òkú kò lè dúró mọ́. Yàrá ìfọṣọ ni mo wà lọ́jọ́ ìsìnkú náà. Afí pa gbogbo ẹ̀rọ, ibẹ̀ dákẹ́ bí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì dúró tì mí. Kúnlé gbé fóònù sókè kí n lè máa wo ohun tó ń lọ. Ẹ̀yìnkùlé wa ni, mo rí igi máńgòrò wa. Àlùfáà kàwé, ó pe àkọ́bí. Gbogbo wọn bojú wẹ̀yìn, bí ẹni pé mo máa yọ jáde láti ibìkan. Kúnlé wá ní òun á bá mi da tèmi. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló fi gbé fóònù, kí ó má baà mì, kí n lè ríran dáadáa. Ọwọ́ òsì ló fi bu yẹ̀pẹ̀.

Mo gbọ́ ohùn àbúrò bàbá mi obìnrin kan tó ní, "Ọwọ́ òsì kẹ̀?"

Màmá mi dá wọn lóhùn pé, "Ẹ jẹ́ kó dà á. Ọwọ́ tó ṣẹ́kù nìyẹn."

Bàbá tó gbá ọwọ́ òsì mi kúrò lórí ayé roboto, ọwọ́ òsì ni mo fi dágbére fún. N kò bínú sí Kúnlé rárá, ó fẹ́ kí n ríran ni. Ẹni tó fa ọwọ́ òsì yẹn wá sí ẹ̀yìnkùlé wa, mo mọ̀ ọ́n. Ó wà lẹ́yìn gíláàsì, ó ń yan àwọ̀ páànù.

Mo sọ fún Màmá kí wọ́n má fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ibojì náà títí n ó fi dé. Mo sì sọ fún ara mi pé mo máa wọ iṣẹ́ ọkùnrin yẹn, mo máa gòkè nínú rẹ̀, títí ọjọ́ tí òun á dúró, tí èmi á jókòó. Bí mo ti ń lọ aṣọ ni mo ń ṣe ìdájọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo rán an lọ sí ìlú tí kò sí iná. Lọ́jọ́ kejì, mo ní kó tún gbogbo ìwé rẹ̀ kọ. Afí ní mo ti ń tẹ áyọ́ọ̀nù jù, pé n ó jó aṣọ aláṣọ. Mo sì jó ọ̀kan lóòótọ́.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, mo ka ìwé mi yege, mo padà sí Ifẹ̀ láti múra ìdánwò ìwọṣẹ́ sílẹ̀. N kò lọ síbi ibojì. Bí mo bá dé ẹ̀yìnkùlé, n ó yíjú sí igi máńgòrò. Màmá kò bi mí léèrè. Wọ́n kàn ní ọkùnrin kan wà ní ojú ọ̀nà Ẹdẹ, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí, tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ nínú pálọ̀ rẹ̀. Gbogbo ọmọ Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ tó bá fẹ́ ṣe ìdánwò náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbà kọjá. Ẹ̀ksẹ́lẹ́ńsì ni àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò di ambásádọ̀ rí.

Kúnlé fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé mi lọ. A yà kúrò lójú títì, mo sì rí ilé náà. Páànù pupa. Mo ní kí Kúnlé dúró. Kò tíì pa ẹ́ńjìnnì tán tí mo fi gbọ́ ohùn ọ̀hún nínú pálọ̀.

Mo sọ ẹni tó jẹ́ fún Kúnlé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n gún gbogbo táyà mọ́tò ẹ̀."

Mo ní rárá. Àwọn tí ọkùnrin náà kọ́ níṣẹ́ ló kún Ábújá. Gbólóhùn kan láti ẹnu rẹ̀ tó láti mú kí orúkọ mi sọnù. Ohun tí bàbá mi fi ìka mi wá lórí ayé roboto láti kékeré, n kò ní torí táyà mẹ́rin bà á jẹ́. Mo sọ fún un pé n ó kọ́kọ́ kó gbogbo ohun tí ọkùnrin náà mọ̀. Bí mo bá kó o tán, n ó mọ ohun tí n ó fi ṣe é.

Mo wọlé, mo kúnlẹ̀, mo fi èdè Ifẹ̀ kí i, gẹ́gẹ́ bí mo ti kí i lọ́jọ́ yẹn gẹ́lẹ́. Mo gbójú sókè, mo ń wò ó. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní káàbọ̀, ọmọ mi. Kò rántí. Mo kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí mo lọ, bóyá orúnkún mi á rán an létí. Ọjọ́ kan ló tún wá fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn tó kù. Ó ní kí wọ́n wo bí mo ṣe ń kíni, pé ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn, pé ẹni tó bá ní irú rẹ̀ lè dé iwájú ọba èyíkéyìí láyé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ká sọ tòótọ́, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn náà sì ń bí mi nínú. Ó kọ́ wa bí a ṣe ń mú ife dání títí ìpàdé á fi tán láìmu ún, bí a ṣe ń mọ ẹni tó lágbára jù nínú yàrá nípa ẹni tí àwọn yòókù ń wojú rẹ̀ kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín. Ó ní a kò gbọ́dọ̀ sọ pé rárá fún ẹnikẹ́ni, ká ní a máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní gbogbo iṣẹ́ náà kò ju òwe kan lọ, pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ẹnu rẹ̀ ni òwe bàbá mi ti ń jáde. Mo di àga mú.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló kọ́ wa ní èyí tí mo ń wá. Ọmọkùnrin kan bi í pé kí ni aṣojú ń ṣe bí wọ́n bá fi ìwọ̀sí lọ orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ó rọ̀gbọ̀kú sẹ́yìn nínú àga rẹ̀.

"Bí ẹ bá máa bú ènìyàn nínú iṣẹ́ yìí," ó ní, "ẹ bú u kó yé òun nìkan. Kí ará ìjókòó má rí nǹkan kan. Kí òun fúnra rẹ̀ má rí ohun tó máa kọ ránṣẹ́ sílé."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, mo ń wo ọwọ́ mi méjèèjì lórí ẹsẹ̀ mi.

Mo ṣe ìdánwò, mo dé iwájú ìgbìmọ̀, mo pa irọ́ tí mo ròyìn fún yín níbẹ̀rẹ̀, orúkọ mi sì jáde. Àwọn ará àdúgbò kí mi títí ohùn fi há wọn. Màmá ní ó kù kí a lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́. Bẹ́ẹ̀ la ń ṣe é, òbí ló ń mú ọmọ lọ́wọ́ lọ bá ẹni tó kọ́ ọ tó fi yege. Wọ́n ra fìlà òfì kan tó dára gan-an, wọ́n ní ọwọ́ mi ni n ó fi gbé e fún un, kó lè gbàdúrà fún mi. Mo ní kò burú.

Pálọ̀ rẹ̀ kún lọ́jọ́ náà. Àwọn mìíràn tó yege wà níbẹ̀ pẹ̀lú òbí wọn. Nígbà tó kàn wá, Màmá sọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ wọn tán, wọ́n gbé fìlà náà lé mi lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo yọ fóònù mi, mo fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e sókè bí ẹni fẹ́ ya àwòrán. Mo fi ọwọ́ òsì na fìlà náà sí i.

Ará ìjókòó kò rí nǹkan kan. Wọ́n rí ọmọ ayé òde òní tí fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá mi rí i. Wọ́n ya ẹnu láti kìlọ̀ fún mi, wọ́n wá wo fóònù, wọ́n wo ọwọ́ òsì tó nà jáde, wọ́n wo Kúnlé tó ti sorí kọ́. Wọ́n rọra pa ẹnu dé.

Òun náà rí i. Ó wo ọwọ́ náà pẹ́, ọwọ́ náà sì ń dúró dè é. Ó wo fóònù, ó wo ojú mi. Olùkọ́ mi ni, ó mọ iṣẹ́ tó kọ́ mi. Ó tẹ̀ síwájú bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀ bàbá àti ọmọ sí mi létí, ó sì sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ìlú wo ni?"

Ó kọ́kọ́ rú mi lójú. Ó tún un sọ. "Fèrèsé ìlú wo ni mo ti ṣẹ̀ ọ́?"

Gbogbo ọdún tí mo fi gbé ojú rẹ̀ kiri lọ́kàn, mo ti múra sílẹ̀ de àwáwí, mo ti múra sílẹ̀ de ẹ̀bẹ̀. N kò múra sílẹ̀ de ìyẹn. Ènìyàn mélòó ló ti lé padà, nínú ìlú mélòó, tó fi ní láti béèrè èyí tí mo jẹ́ nínú wọn? Mo rẹ́rìn-ín sí i, bí ó ti kọ́ wa, eyín díẹ̀ ní òkè.

"Ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, sà," ni mo wí.

Ó gba fìlà náà, ó dé e, ó sì gbàdúrà fún gbogbo wa. Ohùn rẹ̀ kò yí. Bí a ti ń jáde, mo rí i tó di Kúnlé lọ́wọ́ mú lẹ́nu géètì, tó ń bi í ní nǹkan. Ara mi kò gbà kí n dúró gbọ́ ọ.

Nílé, mo bọ́ bàtà, mo lọ tààrà sí ẹ̀yìnkùlé. Mo bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, mo fi ọwọ́ ọ̀tún bu yẹ̀pẹ̀, mo dà á sórí ibojì bàbá mi, mo sì sunkún tí n kò sun nínú yàrá ìfọṣọ. Mo ní Ambásádọ̀ ti dé o. Màmá dúró lẹ́yìn mi, wọ́n bi mí bóyá ọkàn mi ti balẹ̀. Mo ní ó ti balẹ̀. Wọ́n ní ó dáa, àwọn á wá bíríkìlà tó máa fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ.

Bíríkìlà kò tíì dé tí mo fi gba Ábújá lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ibẹ̀ ni mo wà, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí bíríkìlà ò tíì yọjú síbẹ̀, tí Màmá pè mí ní ọ̀sán. Ohùn wọn rẹlẹ̀.

"Ọ̀gá rẹ wà lẹ́nu géètì. Wọ́n ní o ní kí àwọn padà wá. Kúnlé ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún wọn lọ́jọ́sí. Ibojì bàbá rẹ ni wọ́n ní kí n fi han àwọn."

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo ti ń wá ọjọ́ tí òun á dúró, tí èmi á jókòó. Ó dúró sínú oòrùn Mọ̀ọ̀rè, mo sì jókòó nínú yàrá amúlétutù l'Ábújá.

Mo ní, "Ẹ sọ fún un pé mo ti lọ ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́."

Màmá ní, "Ilé ni ibí, kì í ṣe ọ́fíìsì." Mo gbọ́ tí géètì wa dún, bó ṣe máa ń dún láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé.

Kúnlé ló gba fóònù. Ó bi mí bóyá kí òun tan fídíò kí n lè rí i. Mo ní n kò fẹ́ rí ojú rẹ̀. Mo ní kó ṣáà máa wo ọwọ́ rẹ̀, kó sọ fún mi. Mo gbọ́ ìrìn ẹsẹ̀ lórí ewé gbígbẹ. Kúnlé ní ó ti ṣí fìlà. Ó ní ó ti kúnlẹ̀, àgbàlagbà ọkùnrin, lórí ilẹ̀ lásán. Ó ní ó ti ń bu yẹ̀pẹ̀.

"Ọwọ́ wo?" ni mo bi í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ méjèèjì ni."

Mo pa fóònù. Ní báyìí, mo wà nílùú òtútù mìíràn, mo jókòó lẹ́yìn gíláàsì tèmi, àsíá wa kékeré sì wà níwájú mi, ẹlòmíràn ló ń lọ ọ́. N kò tíì dárí ji ọkùnrin yẹn. Inú tilẹ̀ ń bí mi sí i. Mo rò pé mo ti kó gbogbo ohun tó mọ̀ tán, bẹ́ẹ̀ ó ku ti ọwọ́ méjèèjì yẹn, tí kò kọ́ mi.